Àìsàn Kì í Ṣe Ẹ̀sín

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Láti kékeré la ti ń gbọ́ òwe yìí. Wọ́n máa ń pa á fún ẹni tó fẹ́ jalè, fún ẹni tó fẹ́ dalẹ̀ ọ̀rẹ́, fún ọmọ tó fẹ́ ba orúkọ ìdílé jẹ́. Òwe tó dára ni bí a bá lò ó síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu lè gé ọmọ lọ́wọ́. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ yẹ òwe náà wò lára àwọn tí ẹ̀sín kì í jìnnà sí: òṣèré, olórin, ayàwòrán, òǹkọ̀wé, aláwàdà, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà. Gbogbo wọn ni mo máa pè ní oníṣẹ́ ọnà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Bí ọkàn oníṣẹ́ ọnà bá dàrú, tí kò rí oorun sùn mọ́, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ayé sú u, ohun tó kọ́kọ́ ń dí i lọ́nà ìtọ́jú ni ẹ̀rù pé wọn yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló kọ́ wa ní yẹ̀yẹ́ náà? Mo gbà pé iṣẹ́ ọnà wa fúnra rẹ̀, pàápàá fíìmù Yorùbá, wà lára àwọn olùkọ́ tó kọ́ wa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọnà yìí kan náà ló lè bá wa tún un ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn oníṣẹ́ ọnà Èkó lónìí, kó gba òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah àti Sàngótẹ̀dó, yóò rí yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, ilé tí wọ́n ń háyà fún ọjọ́ méjì mẹ́ta láti fi ya fíìmù, àti ọjà iṣẹ́ ọnà tí igi gbígbẹ́ àti àwòrán kún inú rẹ̀. Nike Art Gallery wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ilé alájà márùn-ún tí iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀ tó nǹkan bí 8,000. Bí ẹ bá ń wo fíìmù tí ilé ńlá wà nínú rẹ̀, tí adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìnkùlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ agbègbè yìí ni wọ́n ti yà á.

Ṣùgbọ́n ilé inú fíìmù kì í ṣe ilé òṣèré. Nínú ilé tí à ń gbé ní Ajah, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní yàrá kejì sí tiwa tó ń to àwòrán fíìmù pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Òru ló fi ń ṣiṣẹ́, nítorí òru ni ariwo àdúgbò máa ń dínkù. Nígbà tí iná bá lọ, a ó gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kékeré. Iṣẹ́ tó bá wọlé ló ń sanwó fún un. Bí iṣẹ́ kò bá wọlé, kò sí owó oṣù, kò sí ìsinmi, kò sì sí ọ̀gá kankan tó máa sanwó dókítà fún un. Owó ilé kò ní dúró dè é. Ìgbà kan wà tó tó oṣù méjì tí a kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Bí màmá mi bá béèrè àlàáfíà rẹ̀, á tẹ̀ríba, á ní, “A dúpẹ́, mà.” Gbogbo ilé ló mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó bi í. Àwa ń bẹ̀rù pé a ó dójú tì í, òun náà ń bẹ̀rù pé ojú yóò ti òun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sín ṣe ń ṣiṣẹ́: kò tíì ṣẹlẹ̀ rárá tó ti pa ẹnu gbogbo ènìyàn dé.

Níbo la ti kọ́ ẹ̀rù yìí? Ẹ jẹ́ ká wo fíìmù. Gbogbo ẹni tó ti ń wo fíìmù Yorùbá láti ayé kásẹ́ẹ̀tì ló mọ ìran tí mo fẹ́ sọ. Obìnrin kan ti ń ṣe ibi bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti da ilé orogún rẹ̀ rú, ó ti gba ọkọ ọlọ́kọ. Nígbà tí fíìmù bá fẹ́ parí, orí rẹ̀ á dàrú. Wọ́n á fi ewé gbígbẹ sí i nírun, wọ́n á fi èédú kùn ún lójú, á gbé ẹrù àkísà, á sì máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjà. Àwọn ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn òṣèré á máa gòkè, tí a ó sì ka ọpẹ́ sí Ọlọ́run ní ìparí.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo ní sí ìran náà. Èkíní, ó sọ àìsàn di ẹ̀san. Ẹni tó bá ti wo irú rẹ̀ ní ogún ìgbà, bó bá rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé, “Kí ló ṣe?” A kì í bi ẹni tí ibà ń ṣe ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èkejì, ó ń jẹ́ ká rò pé ìjẹ́wọ́ ni oògùn. Bí obìnrin náà bá jẹ́wọ́ tán, tí wọ́n bá gbàdúrà fún un tàbí tí wọ́n bu omi àgbo sí i lórí, ojú rẹ̀ á là lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi hàn wá pé ìtọ́jú máa ń gba ọ̀sẹ̀, ó máa ń gba oṣù, àti pé ara lè yá lónìí kó tún wó lọ́la kó tó wá yá pátápátá. Ẹ̀kẹta, ó sọ pé ojú kan ṣoṣo ni àìsàn ọpọlọ ní: àkísà, ìdọ̀tí àti igbe. Ẹni tó bá wẹ̀, tó wọṣọ tó mọ́, tó sì lọ síbi iṣẹ́, kò lè ṣàìsàn lójú wa.

Ẹ̀sùn kẹta yìí ló kan oníṣẹ́ ọnà jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wẹ̀ kó wọṣọ tó dára kó sì rẹ́rìn-ín. Bí àárẹ̀ bá mú un nínú, kò ní jọ ẹni tí a máa ń rí nínú fíìmù, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ kò ní gbà pé àìsàn ni. Á ní ọ̀lẹ ni òun, tàbí pé ayé ń ṣe òun. Òṣèré tó ti ṣe wèrè nínú fíìmù ní ìgbà márùn-ún lè má mọ ìrẹ̀wẹ̀sì nígbà tó bá wọ yàrá rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé eré lásán ni, pé ohun tí òṣèré fẹ́ kọ́ wa ni pé ibi kò pé. Mo mọ̀ pé eré Yorùbá ti ń kọ́ni ní ìwà rere láti ayé alárìnjò, n kò sì ní kí wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni ibi lè pàdánù owó, ó lè pàdánù ọ̀rẹ́, ó lè rí ẹ̀wọ̀n. Kí ló dé tó jẹ́ àìsàn ni kóòtù wa? Ẹ̀kọ́ tó bá ń dẹ́rù ba alárùn kò kọ́ ẹni ibi ní nǹkan kan.

Kì í ṣe inú fíìmù nìkan ni yẹ̀yẹ́ náà wà. Ní Èkó, bí ẹnì kan bá ṣe ohun tó yani lẹ́nu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní Yaba Left ló yẹ ká gbé e lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé náà ń sọ ọ́, àwọn aláwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń fi dẹ́rìn-ín pani. Ilé ìwòsàn ni ibi tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọdún 1907 ni ìjọba àwọn òyìnbó dá a sílẹ̀ ní Yábà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìtìmọ́lé ló pọ̀ ju ìtọ́jú lọ níbẹ̀. Lónìí, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ ni, tó ní àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ tó sì ń padà sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn lọ wo ojú tàbí eyín. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá fi dápàárá, à ń ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà mọ́ ẹnì kan tó ń gbọ́ wa.

Fíìmù lè ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rí sì wà. Ní ọdún 2020, Damilola Orimogunje ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ For Maria Ebun Pataki. Meg Otanwa ló ṣe Derin, ìyá ọmọ tuntun tí ìbímọ rẹ̀ le, tí ọkàn rẹ̀ kò sì lè fà mọ́ ọmọ tó bí. Gabriel Afolayan ló ṣe ọkọ rẹ̀, tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí yóò ṣe. Tina Mba ló ṣe ìyá ọkọ tó rò pé ìyàwó náà kàn ń ṣe ìmẹ́lẹ́ ni. Kò sí ewé kankan lórí Derin. Kò sáré wọ ọjà. Ó kàn jókòó nínú ilé tó mọ́, ó ń wo ọmọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá wo fíìmù náà kò ní béèrè pé kí ló ṣe. Á máa rò ó pé ta ló yẹ kó ràn án lọ́wọ́, kí ló sì dé tí àwọn tó wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kò fi rí i.

Mo fẹ́ràn fíìmù yìí nítorí pé kò pariwo. Àbùkù tí mo rí kò sí lára rẹ̀ bí kò ṣe lára ọjà wa. Irú rẹ̀ máa ń dé àjọ̀dún fíìmù ní London kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ata ní ọjà Ajah, bó bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Fíìmù elewé-lórí ni ìyá náà ń rí lójoojúmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù. Títí tí àwọn tó ń ṣe fíìmù fún ìyá alátà yóò fi máa sọ ìtàn bíi ti Derin pẹ̀lú èdè tó ń gbọ́ yékéyéké, ìwọ̀nba ènìyàn ni ìmọ́lẹ̀ náà yóò tàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olórin náà kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Ìléríolúwa Alóba tí gbogbo wa mọ̀ sí Mohbad kú. Ọmọ ọdún 27 ni. Ohun tó pa á di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti kóòtù, n kò ní dá sí i. Àwa tí à ń gbọ́ orin rẹ̀ ni mo fẹ́ bá wí. Ọ̀pọ̀ orin rẹ̀ ló sọ nípa wàhálà, nípa ìbẹ̀rù, nípa àlàáfíà tó ń wá. Ní ọdún 2022, ó ké gbàjarè ní gbangba. A gbọ́ orin náà, a fi jó níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn tó kú ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọ̀dọ́ gbé àbẹ́là, tí wọ́n rìn láti Lekki lọ sí Muri Okunola Park ní Victoria Island. Ó dára láti tan àbẹ́là fún òkú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe lámèyítọ́ orin, ó yẹ kó máa bi ara rẹ̀ nígbà tí olórin ṣì wà láàyè pé: ṣé orin ni mò ń gbọ́ yìí, àbí ẹnì kan ló ń pè mí?

Àwọn kan tún wà tí wọ́n gbà pé ìyà ló ń bí iṣẹ́ ọnà, pé bí a bá tọ́jú ọkàn ayàwòrán tàbí akéwì, ẹ̀bùn rẹ̀ á ṣá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olórin pàápàá. Ìtàn ilẹ̀ wa kò gbè é lẹ́sẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ulli Beier, ará Jámánì tó wá ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, ń lọ sí Lantoro ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n kó àwọn alárùn ọpọlọ sí. Ó gbé bébà àti ọ̀dà fún wọn. Àwọn tí ìlú ti kọ̀ sílẹ̀ ya àwòrán tí wọ́n ṣì ń tọ́jú pa mọ́ di òní. Ohun tó mú iṣẹ́ náà jáde ni àyè, ìparọ́rọ́, àti ẹnì kan tó jókòó tì wọ́n tí kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Aisàn náà ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀, kò sì sí àwòrán kankan títí ẹni náà fi dé. Nígbà tó yá, Beier wà lára àwọn tó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀ṣogbo ní àwọn ọdún 1960, níbi tí Twins Seven-Seven ti di ayàwòrán.

Láti Ọ̀ṣogbo ni ọ̀nà ti já sí Lekki. Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní ọdún 1951, tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, fẹ́ Twins Seven-Seven. Ilé olórogún púpọ̀ ni, ìgbéyàwó náà kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba. Ó kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1983 ló dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo, tó ń kọ́ àwọn ènìyàn láìgba owó. Ní ọdún 2009 ló ṣí ilé alájà márùn-ún tó wà ní Lekki. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́yìn tó kúrò nínú ìnira ni iṣẹ́ rẹ̀ tó gbilẹ̀ tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Bí ìyà bá ń bí iṣẹ́ ọnà lóòótọ́, inú ìnira yẹn ni ilé alájà márùn-ún náà ì bá ti jáde.

Kí wá ni ìtọ́jú tí mò ń sọ? Ó yẹ ká ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ohun tí a kò mọ̀ ló máa ń dẹ́rù bani. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú á lọ bá onímọ̀ tó ti kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á jókòó nínú yàrá fún bíi wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó bá sọ níbẹ̀, àṣírí ni. Onímọ̀ náà á ràn án lọ́wọ́ láti yẹ èrò rẹ̀ wò. Bí àpẹẹrẹ, òṣèré kan lè sọ pé, “Ẹnì kan bú mi lábẹ́ fídíò mi, nítorí náà n kò wúlò.” Onímọ̀ á ní kó kọ èrò náà sílẹ̀, kó kọ ẹ̀rí tó gbè é lẹ́sẹ̀ àti èyí tó takò ó, kí wọ́n jọ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gba oògùn, dókítà á kọ oògùn. Ẹni tó ń gbàdúrà lè máa gbàdúrà rẹ̀ lọ, ìkan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ má sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Gbogbo àgbáyé wá kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olùdarí àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé. Èrò rẹ̀ ni pé kò yẹ kí a yọ aláìsàn kúrò láàárín ènìyàn. Èrò Yorùbá sì ni, nítorí bí a bá rí ẹni fẹ̀yìn tì, bíi ká sunkún là ń rí.

Àṣà wa mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tó bá gbé nǹkan wọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Egúngún kì í wọ ẹ̀kú sùn. Bó bá jó tán, ó ní ibi tí yóò padà sí tí wọ́n ti máa bọ́ ẹ̀kú, tí yóò sì di ọmọ ènìyàn padà láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wo òṣèré tó sunkún ikú ọmọ láti àárọ̀ di alẹ́ ní Lekki. Ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ojú tó wú, ó bọ́ sínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ títí dé Ajah, ó wọ yàrá, ó sùn. Ta ló bọ́ ẹ̀kú fún un? Iṣẹ́ tí onímọ̀ ọkàn lè ṣe nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ òyìnbó ni wọ́n ń pè é.

N kò ní díbọ́n pé ẹ̀sín nìkan ló wà lọ́nà. Owó wà níbẹ̀. Láti Ajah dé Yábà jìnnà, ìdajì ọjọ́ lè ṣòfò lójú ọ̀nà. Àwọn dókítà ọpọlọ kò pọ̀ tó rárá ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù. Òfin náà ti pẹ́ lẹ́yìn: òfin tó wà láti 1916, tí wọ́n tún tò ní 1958, tó ń pe aláìsàn ní wèrè, ni a ń lò títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Òfin Èkó ní ti pé tirẹ̀ ti sàn díẹ̀: láti ọdún 2011, ilé ìwòsàn ló ní kí kóòtù rán ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, nígbà tí òfin àpapọ̀ ń sọ ti ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn sí gbogbo oríta láti Lekki dé Ẹ̀pẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò bá lè wọ inú rẹ̀ lójú ọ̀sán nítorí ẹnu ayé, òfìfo ni wọn yóò wà.

Àwọn kan ti ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́ dá Mentally Aware Nigeria Initiative sílẹ̀, tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀ ń bá ẹni tó bá pè wọ́n sọ̀rọ̀. Ọdún yẹn náà ni Hauwa Ojeifo, tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ àìsàn ọpọlọ lára, dá She Writes Woman sílẹ̀. Olórin Omah Lay, tó gbé àwo Boy Alone jáde ní ọdún 2022, ti sọ ní gbangba pé ìrẹ̀wẹ̀sì bá òun fínra. Àwọn ènìyàn kò torí bẹ́ẹ̀ sá kúrò nídìí orin rẹ̀. Ẹ̀sín tí à ń bẹ̀rù kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi bí a bá dojú kọ ọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé wa náà rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nígbà tó yá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fíìmù ló wá mú un, ó ní, “Wọ aṣọ rẹ, mo máa tẹ̀lé ọ.” Gbólóhùn náà kò gùn. Kò bi í léèrè ohun tó ṣe. Ó dúró dè é níta títí tó fi jáde lọ́dọ̀ dókítà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lónìí, ó ṣì ń fi òru ṣiṣẹ́, owó ilé ṣì ń lé e, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń sọ fún màmá mi nígbà tí nǹkan kò bá dára.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa náà ti di oníṣẹ́ ọnà. A ń fi fóònù ya eré, a ń kọ orin, a ń ka iye àwọn tó wò ó. Bí ẹnì kan nínú wa bá dákẹ́ lójijì, ẹ má pe Yaba Left mọ́ ọn. Ẹ jókòó tì í, ẹ sì pe àgbàlagbà tí ẹ fọkàn tán. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wa ní eré oníṣe, ẹ ní ká tún ìran wèrè inú ọjà náà kọ, ká kọ ọ́ bí ìgbà pé ẹ̀gbọ́n wa ni. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní ọkàn òun kò lélẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2019, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ láyé ló ń gbé pẹ̀lú àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Nínú kíláàsì tí ọmọ ogójì wà, kò ní ya mí lẹ́nu bí ẹnì kan nínú wọn bá ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní kí n yẹ òwe kan wò. Ohun tí mo rí rèé. Àwọn tó kọ́kọ́ pa á mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀sín: olè, ọ̀dàlẹ̀, irọ́. Wọn kò ka ibà mọ́ ọn, kò sì yẹ ká ka ìrẹ̀wẹ̀sì mọ́ ọn. Bí a bá pa òwe yìí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, àwa la ṣì í lò, a sì lè fi ti ènìyàn sínú kòtò. Àwọn àgbà kan náà ti fi òwe mìíràn sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí ni kí àwọn tó ń ya fíìmù ní Lekki kọ́ wa láti ìsinsìnyí lọ, èyí náà sì ni kí àwa tó ń wò wọ́n máa pa fún ara wa.